Ọjọ́ Tí Kánsẹ́lọ̀ Dí Kànga

Obìnrin náà ń fa omi. Okùn ń ha àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, garawa ń kọlu ògiri kànga bó ṣe ń bọ̀ lókè. Bó bá ti dé ẹnu kànga, á gbá a mú, á da omi inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, á sì tún jù ú sísàlẹ̀. Kò sinmi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí fèrè ilé iṣẹ́ bátìrì ti dún, àwọn ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn láì gbójú sókè.

Alágbàfọ̀ ni gbogbo òpópónà ń pè é. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ irin àti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló ń fọ̀. Aṣọ tí epo dúdú ti mu yó, tó le gbagidi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bó bá wọ ọwọ́ rẹ̀, á jáde padà ní aṣọ ọmọ ènìyàn. Iṣẹ́ omi ni. Ọṣẹ kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Omi ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó lè gba omi nínú ilé rẹ̀ tí kò tíì gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ yìí. Àgbá, ìkòkò, ọpọ́n ìfọṣọ, títí dórí kẹ́tùlù tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, gbogbo rẹ̀ tò sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, torí pé òní ni wọ́n máa dí kànga náà.

"Alágbàfọ̀, ó ku póò ọmọdé tẹ́ ẹ ò tíì gbé wá o," ni Oníbúrẹ́dì wí, ẹni tó ń dúró de okùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó wà lẹ́yìn àgbá yẹn. Mo ti fọ̀ ọ́."

Àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn.

"Ẹ má bínú o," ni Oníbúrẹ́dì tún sọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn ti kánsẹ́lọ̀, ṣé ẹ ò lè bá wa dá sí i ni? Orí bẹ́ẹ̀dì làwa ti ń bá tiwa yanjú ọ̀rọ̀."

"Tèmi lè parí ìpàdé káńsù lójú oorun. Ọ̀rọ̀ tèmi ni kì í gbọ́."

Alágbàfọ̀ gbé okùn lé Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi wọlé.

Ọkọ rẹ̀ ni kánsẹ́lọ̀ àdúgbò náà. Kí wọ́n tó dìbò fún un, bíríkìlà ni, àwọn ènìyàn sì ti sọ ọ́ ní Kò-gbọ́dọ̀-wọ́ nítorí pé ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri tó ti mọ, á sì tún un mọ, bí okùn ìwọ̀n bá ti fi hàn pé ó tẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ìwà yẹn wọ káńsù. Kì í gba ẹ̀bùn, kì í gba ọkọ̀ wọn, kì í bá wọn jẹun lẹ́yìn ìpàdé. Òun ló mú kí nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ òpópónà. Òun ló sì ka èsì rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn: òjé tí wọ́n ń yọ́ nílé iṣẹ́ bátìrì ti wọ inú ilẹ̀, ó ti dé inú kànga, ó sì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, ó ń mú kí wọ́n máa gbàgbé nǹkan. Orúkọ ọmọ tirẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló kọ́kọ́ pè.

Omi náà sì rèé, ó mọ́ gaara. Kò ní òórùn, ó dùn lẹ́nu. Èyí gan-an ni ìṣòro ibẹ̀.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ wọlé, ọkọ rẹ̀ ń mu tíì ní ìdúró. Ó ti wọ ṣòkòtò àtijọ́ tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ lórúnkún. Ó ti tó ìgbà kan tí obìnrin náà ti rí ṣòkòtò yẹn lára rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí kó tó béèrè.

"Àwọn bíríkìlà káńsù dà?"

"Wọn ò ní wá. Ọ̀gá wọn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn àna òun ń gbé lópòópónà yìí, òun ò lè fi ọwọ́ òun dí kànga wọn."

"Ẹ ò rí i? Ẹni yẹn mọ èèyàn."

"Èmi náà mọ èèyàn." Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "N ó dí i fúnra mi."

Ìyá Kánsẹ́lọ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ wà níta. Àbíkẹ́yìn ń ti búrẹ́dì tirẹ̀ bọ inú tíì, ó ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí tó fi ń já sísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù.

"Bàbá ọmọ mi," ni Alágbàfọ̀ wí, ó sì jókòó, ohun tí kì í ṣe láàárọ̀. "Mi ò ní kẹ́ ẹ má dí i. Mo ń gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ẹ jẹ́ kómi ẹ̀rọ kọ́kọ́ yọ ná. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín náà nìyẹn."

"Bí mo bá sún tiwa síwájú, ta ló máa jẹ́ kí n dí tirẹ̀? Gbogbo àdúgbò tó wà lẹ́yìn rélùwéè ló ń wo kànga yìí. Bí tilé kánsẹ́lọ̀ bá ṣì wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ parí."

"Ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Ká máa fi fọṣọ."

"Ṣebí mo ti kọ ọ́. Ọ̀dà pupa ni mo fi kọ ọ́. Àbíkẹ́yìn, kí ni wọ́n kọ sára kànga?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Láti ìgbà tó ti mọ̀wé kà ló ti máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára ògiri sókè, tí ìyá rẹ̀ á ní kó fi etí àwọn sílẹ̀. Ó ronú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ló sọ.

Alágbàfọ̀ fi ṣíbí kó búrẹ́dì tó rì jáde nínú kọ́ọ̀pù ọmọ náà, ó sì fi sẹ́nu rẹ̀ fún un.

"Mo gbà," ló wí. "Wọn ò gbọ́dọ̀ mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi o, ta ló ní kí páìpù ti òkè lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí alága káńsù ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ páìpù láti òpópónà kánsẹ́lọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ó dìde, ó ní rárá, kí òpópónà tòun gbẹ̀yìn nínú gbígba omi ẹ̀rọ, kó sì ṣíwájú nínú dídí kànga, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tara òun lòun ń wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín. Páìpù ti òkè wá lóòótọ́. Ó dé orígun òpópónà wọn, agbaṣẹ́ṣe káńsù ri ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ibẹ̀, wọ́n kun ún ní ọ̀dà, alága wá gé rìbọ́nnì níwájú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Ó wá ku irin kan ṣoṣo tí wọ́n máa fi so páìpù mọ́ páìpù. Láti ìgbà yẹn wá, afẹ́fẹ́ ló ń ti inú ẹ̀rọ náà jáde. Àwọn ọmọdé ló ń fi í ṣeré. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbé etí lé e, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

"Ìwà mímọ́ yín yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ó dára. Mo fẹ́ràn ẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin ni wọ́n gbé omi yẹn fún, tẹ́ ẹ fi ní ẹ ò gbà? Òpópónà ni wọ́n gbé e fún. Oníbúrẹ́dì, Wẹ́dà, ìyá yín tó jókòó yìí. Ẹ bá gbogbo wa kọ ohun tí kì í ṣe tiyín."

"N ó lọ sí ọ́fíìsì omi kí n tó bẹ̀rẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ sọ. Bí ó ṣe jáde nìyẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò sìmẹ́ǹtì rẹ̀.

Ọ́fíìsì omi kò jìnnà. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì dìde fún un, ó fa àga fún un, ó sì fi ọ̀wọ̀ wẹ̀ ẹ́ bí ẹni fi omi wẹ̀. Irin náà wà nílẹ̀, ó tiẹ̀ fi hàn án níbi tó gbé sùn sí lábẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú eruku lórí. Ẹni tó máa so ó náà wà nílẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Kí ló wá kù?"

"Àṣẹ ni, sà. Ọ̀rọ̀ òpópónà gbọ́dọ̀ gba ìpàdé kọjá, ìpàdé sì di oṣù tó ń bọ̀." Òṣìṣẹ́ náà fà súnmọ́ ọn. "Àfi bí ẹ bá pe Alága lórí fóònù. Ẹ ní ilé yín lómi ò sí. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ òpópónà rárá, ẹ ní ilé yín. Kó tó di ìyálẹ̀ta ọ̀la, a ó ti so ó. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í ṣe é."

Kánsẹ́lọ̀ yọ fóònù rẹ̀. Ó wá orúkọ alága jáde. Ó ń wo irin tó wà lábẹ́ fèrèsé, irin lásán tí ẹnì kan lè fi apá kan gbé. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i láti fún un níṣìírí, bóyá ẹ̀rín yẹn ló sì ba nǹkan jẹ́. Ó dá fóònù padà sápò.

"N ó dúró de ìpàdé," ló sọ.

Nígbà tó fi máa padà dé òpópónà, ènìyàn ti pọ̀ nídìí kànga. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀ lópòópónà náà, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá, gíláàsì dúdú rẹ̀ ṣì wà ní iwájú orí. Àwọn pákó àti irin tí káńsù kó wá lánàá wà nílẹ̀, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó máa bá a fọwọ́ kàn wọ́n.

"Kánsẹ́lọ̀ wa!" ni Wẹ́dà ké. "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ bá mi wo òkè lọ́hùn-ún. Kí lẹ rí?"

Gbogbo ojú yí padà sí òpó èéfín ilé iṣẹ́ bátìrì. Èéfín ń jáde níbẹ̀ bó ṣe máa ń jáde.

"Èéfín ni mo rí."

"Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá wa dí ihò yẹn! Ilé iṣẹ́ ló da májèlé sómi, kànga lẹ wá tì mọ́lé. Èyí tó lówó ń mí, èyí tí ò lówó lẹ fẹ́ dé lẹ́nu!"

"Ẹjọ́ ilé iṣẹ́ wà ní kóòtù."

"Kóòtù! Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó ti lè ní ọmọ-ọmọ báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kánsẹ́lọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mú ṣọ́bìrì, ó ń da iyanrìn jọ, ó ṣí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ló tó rí i pé ìyá òun ti kúrò nídìí fèrèsé. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ wá síta, ó jókòó síbi ẹnu kànga gan-an, ó gbé apá lé etí kànga bí ẹni gbé apá lé èjìká ọ̀rẹ́. Bàbá Kánsẹ́lọ̀ ló gbẹ́ kànga náà. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ló ń fa erùpẹ̀ rẹ̀ jáde nígbà náà, pẹ̀lú oyún nínú. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì pupa. Èyí tí ìyàwó mi ń pọn wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Èyí tó ń rùn bí oògùn yẹn? Mi ò ṣàìsàn." Ó yọ kọ́ọ̀pù onírin kan lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ inú garawa tí Oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. "Jẹ́ kí n mu èyí tán. N ó dìde."

Omi náà ń tàn nínú kọ́ọ̀pù. Gbogbo òpópónà ń wò wọ́n. Bóyá ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kó mu ún, kọ́ọ̀pù kan lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ti mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò ó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà níbẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n ń wo ẹnu Ìyá Àgbà. Kánsẹ́lọ̀ na ọwọ́, ó gba kọ́ọ̀pù náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì da omi inú rẹ̀ sórí iyanrìn.

Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Wẹ́dà fa gíláàsì rẹ̀ sójú, ó yí padà, ó ń lọ.

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Ó dáa," ló wí. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì wọlé.

Láti ìgbà yẹn, òun nìkan ló dá ṣe iṣẹ́ náà. Omi kànga ló fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀; ó fà á fúnra rẹ̀, títí tó fi tó. Ó tú okùn, ó ká a. Ó to pákó, ó to irin lé e, ó ń da kọnkéré sí i, ó ń fi irin ìrẹ́lé tẹ́ ẹ. Ní àgbàlá ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ. Aṣọ gbogbo oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kó sílẹ̀, ó ń rì wọ́n bọ omi, ó ń gbo wọ́n, ó ń ṣan wọ́n, ó ń sá wọn. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìró ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ àti ìró irin ọkọ rẹ̀ lára kọnkéré ń dá ara wọn lóhùn.

Oòrùn náà mú. Ọ̀sán kò tíì rọ̀ dáadáa tí aṣọ fi gbẹ. Ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn, ó dì wọ́n ní ìdì ìdì, ó gbé wọn fún oníkálukú. Àwọn ọkùnrin tó gba aṣọ wọn ń béèrè ìgbà tí wọ́n á tún kó òmíràn wá.

"Ẹ kó o wá sílé ẹ̀gbọ́n mi lókè lọ́hùn-ún," ló ń sọ fún wọn. "Omi wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó fi irin ìrẹ́lé sílẹ̀.

"O ò sọ fún mi."

"Mo ń dúró dè yín pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ tọ́fíìsì omi fún mi." Ó ń to ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù sínú ọpọ́n. "Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà kì í purọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: irin tó wà lábẹ́ fèrèsé, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, Alága, fóònù.

"Kí lẹ wá sọ fún Alága?"

Ó ń wo kọnkéré. Ó tẹ́jú dáadáa, kò sí ibi tó tẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi. Kí lẹ sọ fún un?"

"Mi ò pè é."

Obìnrin náà mi orí, kì í ṣe ti ìbínú. Ó dàbí ẹni tó wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kejì tó sì rí i pé iye tó kọ́kọ́ rí náà ni. Ó wọlé lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti fi bàtà sí ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi ò jìnnà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ní òwúrọ̀ n ó máa gbé omi mímu wá fún Màámi. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì pupa, tiwọn ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn á máa mu ún. Èmi ni wọ́n sọ fún."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tómi fi máa yọ. Ọwọ́ yín ló kúkú wà."

Ó ku garawa kan nínú gbogbo omi tó fà láàárọ̀, omi tó fi ṣan aṣọ tó kẹ́yìn. Ó gbé e jáde sídìí kànga. Ó tẹ́ àwọn àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo sílẹ̀ sórí ìdérí tuntun náà, àmọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ ó kọ́kọ́ fi ìka kan tẹ kọnkéré wò. Kò wọlé. Ìyàwó bíríkìlà ni, ó mọ̀ ọ́n. Ó wá rọra ń da omi náà sórí àwọn àpò, ó ń fi ọwọ́ tan án dé gbogbo etí, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò sílẹ̀, títí tí garawa fi gbẹ.

"Ẹ máa rọ omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ló wí, "kó má baà sán."

"Omi wo?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

Kò dá a lóhùn. Ó da garawa náà dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọpọ́n ru, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé orígun òpópónà, ọmọ náà na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ bí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó ṣí i, ó gbé etí lé e. Ìyá rẹ̀ ti ẹ̀rọ náà padà, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú dáadáa, wọ́n sì yà sọ́nà òkè.